Aṣọ kan, oníbàárà méjì: ìṣẹ̀lẹ̀ irinṣẹ́ tó ń pa káàṣì rẹ́ nílé ìtajà àdìrẹ kan ní Ìtòkú

Ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé, nílé ìtajà àdìrẹ kan tí ìyá tó ni ín ti pẹ́ nídìí aró. Ọjà tó ń tà lórí WhatsApp ti ju èyí tó ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ: àwọn tó ń ra aṣọ ẹgbẹ́ l'Ékòó àti n'Íbàdàn, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lókè òkun, àwọn aránṣọ tó ń ra yáàdì márùn-ún márùn-ún. Kò sí ẹni tó lè máa dáhùn “èló ni?” láti àárọ̀ di òru. Ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́, bá wọn ṣe aṣojú AI kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá oníbàárà lóhùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan dàrú ni wọ́n pè mí pé kí n bá wọn wo ohun tó fà á. Ìyá gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ fún àwọn tó ń fi irinṣẹ́ lé aṣojú AI lọ́wọ́, torí pé irinṣẹ́ “pa káàṣì rẹ́” yìí, ìyẹn àṣẹ tí aṣojú lè pè láti pa ẹ̀dà tí ètò fi pamọ́ rẹ́, wà nínú iṣẹ́ tó pọ̀, ẹni tó sì ronú dáadáa kó tó fi í síbẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọmọbìnrin ìyá ló ń kọ iye owó aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú Google Sheets, tábìlì orí ìntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí fọ́tò aṣọ náà. Bí oníbàárà bá béèrè, aṣojú á pe irinṣẹ́ kan tó ń wá iye náà jáde. Irinṣẹ́ yẹn kì í lọ sí Google Sheets ní gbogbo ìgbà, nítorí Google fi gbèdéke sí i: ìbéèrè kíkà 60 ní ìṣẹ́jú kan fún aṣàmúlò kan, 300 fún gbogbo ètò náà lápapọ̀. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, àṣìṣe 429 ni yóò gbà. Gbogbo oníbàárà ìyá ló ń gba ojú àkáǹtì kan ṣoṣo wọlé, nítorí náà 60 yẹn ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé Redis sí àárín. Redis, ètò ìpamọ́ dátà tí Salvatore Sanfilippo bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ń fi nǹkan sínú mẹ́mórì sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì yára gan-an. Iye owó tí wọ́n bá ti kà lẹ́ẹ̀kan á wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 kó tó kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tí a fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, kí a má baà tún lọ sí orísun, là ń pè ní káàṣì.

Nǹkan kejì tún wà nínú Redis kan náà. Oníbàárà tó bá rí aṣọ tó wù ú á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un sílẹ̀, mo ń fi owó ránṣẹ́.” Aṣojú á kọ orúkọ rẹ̀ sí nọ́ńbà aṣọ náà, á sì dì í mú fún wákàtí 6. Ẹni tí kò mọ àdìrẹ lè rò pé kékeré nìyẹn, pé bí wọ́n bá ta èyí, wọ́n á mú òmíràn. Kò sí òmíràn. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi ìko di ní kókó kókó, àti alábẹ́rẹ, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kì í ní èkejì tó bá a mu délẹ̀délẹ̀. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí náà rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ṣe é, bí aró sì ṣe mú un lọ́jọ́ náà ló mú un. Nọ́ńbà kan, aṣọ kan. Orúkọ ẹni tó mú aṣọ sílẹ̀ kò sì sí níbòmíràn àfi nínú Redis yẹn.

Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé. Iye owó ní orísun: bí ó bá pòórá nínú Redis, ó wà nínú Google Sheets. Àmúsílẹ̀ kò ní orísun kankan. Bí ó bá pòórá, ó ti pòórá nìyẹn.

Iye owó ní Ìtòkú kì í dúró pẹ́. Aṣọ funfun àti kẹ́míkà aró, kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, ń tẹ̀lé dọ́là. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, aláró tó ra nǹkan lọ́sẹ̀ yìí kò lè búra pé iye kan náà ni yóò bá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà á yí iye padà nínú Google Sheets, aṣojú á sì máa pe iye àná fún oníbàárà títí wákàtí 24 á fi pé. Ìyá kì í sì í yẹ̀ lórí iye tí a bá ti pè fún ènìyàn lórúkọ rẹ̀. Ó tà á ní iye àná, ó sì fara mọ́ àdánù.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó tún ń sọ iye àná o.” Bí ọmọbìnrin náà bá ti pe ọmọkùnrin náà báyìí, á ṣí láptọ́ọ̀pù, á tẹ FLUSHALL, ọ̀rọ̀ parí. FLUSHALL ń pa gbogbo ohun tó wà nínú Redis rẹ́. Kì í béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló sábà máa ń ṣe é, nígbà tí àmúsílẹ̀ ọjọ́ tó kọjá ti parí tí ti ọjọ́ tuntun kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó pàdánù nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó fura pé oríṣi nǹkan méjì ni àṣẹ yẹn ń gbá lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn gbé e lọ sí Èkó, tí kò ráyè òwúrọ̀ mọ́, ó sọ àṣẹ náà di irinṣẹ́ fún aṣojú. Ó ti ń lo Model Context Protocol, ìlànà tí ilé iṣẹ́ AI tó ń jẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 fún síso aṣojú AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ àti dátà, nítorí náà iṣẹ́ náà kò gbà á lákòókò. Ó pe irinṣẹ́ náà ní clear_cache. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é. FLUSHALL ló ń ṣe, á sì dáhùn pé ó ti parí. Àlàyé rẹ̀, ìyẹn ohun tí aṣojú ń kà láti mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó, jẹ́ gbólóhùn kan péré, pé ó ń pa káàṣì rẹ́ kí iye tuntun lè hàn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin ìyá nìkan ni yóò máa sọ fún aṣojú pé iye ti yí padà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ aṣojú wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ìjíròrò, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ọmọ ilé, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú àlejò.

Iye àtijọ́ tí kò lọ

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, aránṣọ kan n'Íbàdàn, oníbàárà àtàtà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ iye àtijọ́ ṣáá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin náà ti ní kí aṣojú pa káàṣì rẹ́. Ó ní kó tún un ṣe. Iye àtijọ́ náà ló tún jáde. Ọmọkùnrin náà wo inú Redis láti Èkó, iye tuntun ló bá níbẹ̀. Ó wá fura sí prompt cache, ìyẹn káàṣì tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni mọ́dẹ́ẹ̀lì AI, ọpọlọ tí aṣojú ń lò, fúnra rẹ̀.

Ìfura yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń gba àkókò lọ́wọ́ ènìyàn lásán. Iṣẹ́ ìṣirò tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ṣe lórí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i ni prompt cache ń tọ́jú, kó má baà tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í tọ́jú ìdáhùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu láìku lẹ́tà kan kó tó wúlò. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, láti ibẹ̀ lọ ni mọ́dẹ́ẹ̀lì á ti tún un kà. Lọ́dọ̀ Anthropic, ìṣẹ́jú 5 ló ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, àyàfi tí ẹ bá yan ti wákàtí 1, tó gbówó lórí jù ú lọ. Ó ń dín owó kù, ó ń dín ìdúró kù, ṣùgbọ́n kò lè fi iye tí kò sí nínú ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì kà sí i lẹ́nu.

Ìyá ló tú kókó náà. Ó ní, “Ẹ fi fóònù tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí béèrè ọ̀rọ̀ kan náà.” Wọ́n fi ti ọmọ iṣẹ́ kan béèrè, iye tuntun jáde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún fi ti aránṣọ béèrè, iye àtijọ́. Inú ìjíròrò aránṣọ náà gan-an ni iye àtijọ́ wà. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá kọ ọ̀rọ̀ tuntun, ohun tí wọ́n ti jọ sọ tẹ́lẹ̀ máa ń bá a lọ sọ́dọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Aṣojú rí i níbẹ̀ pé òun ti wá iye aṣọ yẹn jáde rí. Kí ló tún fẹ́ lọ wá? Kò pe irinṣẹ́ mọ́. Ó ka iye náà láti inú ọ̀rọ̀ tó ti kọjá, kò sì sí àṣẹ Redis kankan tó lè dé ibẹ̀.

Ìdánwò ìyá ti fi ibi tí àìsàn wà hàn. Oògùn tí wọ́n lò ni kò bá a mu. Ọmọkùnrin náà fi gbólóhùn kan kún àlàyé irinṣẹ́: bí oníbàárà bá ní iye tí òun gbọ́ yàtọ̀, kí aṣojú kọ́kọ́ pa káàṣì rẹ́, kó sì tún iye náà kà. Aránṣọ n'Íbàdàn gbọ́ iye tuntun lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó ti tán. Títún kà ló wo ọ̀rọ̀ náà sàn. Pípa rẹ́ kàn bá a rìn ni, ṣùgbọ́n nínú àlàyé irinṣẹ́, àwọn méjèèjì ti di ohun kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ ọdún Lísàbí

Bí ọdún Lísàbí bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àdìrẹ a máa tà l'Abẹ́òkúta. Ìrántí Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà ni ọdún náà, ẹni tó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ nínú ẹgbẹ́ àáró títí wọ́n fi já ara wọn gbà lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àwọn ẹbí máa ń fẹ́ aṣọ tó dá wọn yàtọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn odi sì ń pàṣẹ ṣáájú kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni WhatsApp ìyá kún jù lọ.

Ní Ìtòkú, kò sí ẹni tó ń ra ọjà láì ná an. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí a fi ń ná ọjà ni, “Ṣebí iye báyìí lẹ pè é lánàá?” Ìyá mọ̀ pé kì í ṣe ìròyìn ni ẹni náà ń sọ. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Àná ti lọ, ọmọ mi,” wọ́n á sì jọ máa bá ọ̀rọ̀ lọ títí wọ́n á fi pàdé lágbedeméjì. Aṣojú ní tirẹ̀ gbà á ní ìròyìn. Oníbàárà ti ní iye yàtọ̀, àlàyé irinṣẹ́ sì ti sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ná ọjà lọ́sẹ̀ náà, tó fi àná kún un, ló ń mú kí aṣojú pa gbogbo Redis rẹ́, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó ti mú aṣọ sílẹ̀. Oníbàárà kan ní Sàgámù ń ná ọjà, aṣọ tí ẹnì kan ní Ìkẹjà ti mú sílẹ̀ sì ń padà sí orí àtẹ.

Kò pẹ́ tí ó bẹ́. Obìnrin kan wá láti Èkó láti gbé alábẹ́rẹ aláró dúdú kan tó ti mú sílẹ̀ tó sì ti sanwó rẹ̀. Kó tó dé, ọkùnrin kan tó ń gbé nínú ìlú ti gbé aṣọ náà lọ. Òun náà sanwó, òun náà gba ìdáhùn lọ́dọ̀ aṣojú pé aṣọ wà nílẹ̀, pé tirẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí lórí fóònù. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní fún ìyá pé, “Ìyá, aṣọ yẹn ni ìyá tó bí mi fọwọ́ kàn lórí fọ́tò, tó ní òun fẹ́.” Ìyá dá owó rẹ̀ padà, ó tún bá a ṣe òmíràn láìgba kọ́bọ̀, ó sì tọrọ àforíjì lórí ìkúnlẹ̀, òun tó dàgbà jù ú lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ọmọbìnrin rẹ̀, mo mọ̀ pé kò yẹ kí a pe irú èyí ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà kí a sì kọjá lọ. Orúkọ tí ìyá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ló fẹ́ bàjẹ́ yẹn. Kì í sì í ṣe obìnrin yẹn nìkan. Àwọn mìíràn wà tí aṣọ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ náà.

Ohun mìíràn tún farahàn, tí mo kà sí èyí tó burú jù bí kò tilẹ̀ dá ariwo sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Redis bá ṣófo, gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé ń lọ tààrà sí Google Sheets, wọ́n sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbèdéke 60 kún, àṣìṣe 429 sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Aṣojú tó gba àṣìṣe dípò iye owó kò dákẹ́. Ó wá iye nínú ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ìjíròrò náà, iye tó sì bá níbẹ̀ ni èyí tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ dá. Ó gbà á. Àwọn kan ra aṣọ ní iye tí wọ́n fi ná an ní ìbẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé ìyá fọwọ́ sí i.

Ohun tó wà nínú sáfà

Ọmọkùnrin náà rò pé kòkòrò, ìyẹn àṣìṣe nínú kóòdù, wà nínú ètò àmúsílẹ̀. Ìrònú tó bójú mu ni, torí àmúsílẹ̀ ló ń sọnù. Kí a tó fọwọ́ kan ìlà kan nínú ètò yẹn, mo ní kó jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ Redis. Redis ń ka iye ìgbà tí a ti lo àṣẹ kọ̀ọ̀kan. INFO commandstats ló ń fi í hàn. Ìlà cmdstat_flushall wà níbẹ̀, iye tó wà ní iwájú rẹ̀ sì ju iye ìgbà tí ọmọbìnrin ìyá yí owó padà lọ fíìfíì. Ó wò ó títí. Ó ní, “Ta ló ń ṣe èyí?”

A ṣí àkọsílẹ̀ aṣojú, a fi àkókò ìpè clear_cache kọ̀ọ̀kan wé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí a wò, ọ̀rọ̀ ọjà ló wà níbẹ̀: “ṣebí lánàá”, “kì í ṣe iye tí mo gbọ́ nìyí”, “ẹ tà á fún mi ní ti tẹ́lẹ̀”. Ìyá jókòó tì wá, a ń kà á sí i létí. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé, “Wọ́n ń ná ọjà ni.” Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, kò sí ohun tó ṣókùnkùn mọ́. Aṣojú kò ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ohun tí àlàyé irinṣẹ́ ní kó ṣe ló ṣe, pẹ̀lú ìtara. Ìyá fi kún un pé a kì í da ìkòkò aró nù nítorí aṣọ kan tí kò mú aró dáadáa.

Bí wọ́n ṣe tún un ṣe

Àmúsílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kúrò nínú Redis. Ó lọ sínú PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà tó ń tọ́jú nǹkan pẹ́, níbi tí nọ́ńbà aṣọ kan kò ti lè ní àmúsílẹ̀ méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí tábìlì fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn pé kí èyí ṣáájú ohun gbogbo. Títí dìgbà tí ohun tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn bá fi wà nínú káàṣì, bí ẹ ti wù kí ẹ ṣọ́ irinṣẹ́ tó, mẹ́mórì lè kún kí Redis lé nǹkan jáde fúnra rẹ̀, tàbí kí sáfà kú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa clear_cache tì. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ń gba nọ́ńbà aṣọ kan, ó ń ka iye rẹ̀ tààrà láti Google Sheets, ó ń fi í rọ́pò èyí tó wà nínú Redis, ó sì ń dá iye náà padà fún aṣojú pẹ̀lú aago tí ó kà á. Bí kíkà náà bá kùnà, iye tó wà níbẹ̀ kò ní kúrò. Irinṣẹ́ yìí kì í pa ohunkóhun rẹ́. Àlàyé rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe, ó sì sọ ọ́ ní kedere pé ọ̀rọ̀ ìnájà kì í ṣe ẹ̀rí pé iye ti yí padà. Orúkọ irinṣẹ́ náà yí padà pẹ̀lú, ó di refresh_price, nítorí pé orúkọ wà lára ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó pinnu.

Redis láti ẹ̀dà 6, tó jáde ní 2020, ní ACL, tó ń jẹ́ kí a yan àṣẹ tí aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan lè lò. Wọ́n dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ fún aṣojú, wọ́n sì yọ gbogbo ẹ̀ka @dangerous, ìyẹn àwọn àṣẹ tó léwu, kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. FLUSHALL, FLUSHDB àti KEYS wà nínú ẹ̀ka yẹn. Ó tún lè fọwọ́ kan kìkì ohun tí orúkọ rẹ̀ bá fi “iye:” bẹ̀rẹ̀. Bí àlàyé irinṣẹ́ bá tún ṣini lọ́nà lọ́jọ́ kan, sáfà ni yóò kọ̀. Fún ìgbà tó bá pọn dandan láti kó gbogbo iye owó dànù, àṣẹ kan wà lórí láptọ́ọ̀pù ọmọkùnrin náà tó ń fi SCAN wá orúkọ wọn díẹ̀díẹ̀, tó sì ń fi UNLINK yọ wọ́n, kí Redis má baà dá iṣẹ́ dúró.

Ó fẹ́ fi àmì destructiveHint sí irinṣẹ́ kí ó sì fi clear_cache sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ta kò ó. Àmì yẹn ń sọ fún ètò tó gba aṣojú sílé pé irinṣẹ́ náà lè ba nǹkan jẹ́, kí ètò náà lè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kó tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe ìdènà. Lórí WhatsApp, láago mẹ́ta òru, ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Oníbàárà nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìdádúró iye tuntun ló kù, ìyẹn ohun tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Wọ́n fi Apps Script, kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú Google Sheets, sí i, tó jẹ́ pé bí ọmọbìnrin náà bá yí iye kan padà, ìròyìn á lọ sí sáfà, iye aṣọ yẹn nìkan á sì di tuntun. Ẹ ṣọ́ra níbí: onEdit lásán, èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹnì kan bá yí tábìlì padà, kò ní àṣẹ láti pe ojúlé ìta, ẹ ní láti fi ọwọ́ ṣètò irú èyí tó ń béèrè ìyọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ ń dúró sí ìpele yìí tí wọ́n sì rò pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n sì dín wákàtí 24 kù sí wákàtí kan, wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe àfikún tó yàtọ̀ síra fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn má baà parí lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì tún rọ́ lu gbèdéke 60.

Fún ti ìjíròrò, wọn kò pa ohunkóhun rẹ́. Aṣojú kò lè fọwọ́ sí àṣẹ ọjà mọ́ láìjẹ́ pé ètò, kì í ṣe aṣojú, tún iye náà kà ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí tó sọ, yóò sọ fún oníbàárà ní tààrà pé iye ti yí padà láti ìgbà báyìí. Bí kíkà bá kùnà, a kò tà. Aṣojú á ní kí oníbàárà dúró díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì lọ sórí fóònù ọmọbìnrin ìyá.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀

Ìbéèrè tí mo ń béèrè báyìí nígbàkígbà tí mo bá bá irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé ni pé: bí gbogbo inú rẹ̀ bá pòórá ní ìṣẹ́jú yìí, níbo ni nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò ti padà wá? Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ kò bá rí orísun kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe káàṣì, ibi yòówù kó wà. Bí iye àtijọ́ bá sì ń jáde, ẹ wá ibi tó wà ná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fóònù kejì ìyá sàn ju àṣẹ mẹ́wàá lọ: bí ìjíròrò tuntun bá fi iye tuntun hàn, Redis kọ́ ni ẹlẹ́bi.

Ìdánwò tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe, tí wọ́n sì gbà, ni kí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tẹ FLUSHALL ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọjà gbóná, kí ìyá wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ń gbọ̀n. Ìdáhùn falẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, oníbàárà méjì kan gba “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀”, gbogbo àmúsílẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìdánwò yìí lójú ọ̀gá rẹ̀ kò tíì yẹ kó fi irinṣẹ́ náà lé aṣojú lọ́wọ́.

Ibì kan wà tí irinṣẹ́ kankan kò lè dé. Ọmọbìnrin náà máa ń kọ iye owó sára fọ́tò aṣọ kó tó gbé e sí WhatsApp. Àwọn ènìyàn ń fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ síra wọn, ó ń wà lórí fóònù wọn fún oṣù púpọ̀, wọ́n sì ń mú un padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iye tí ìyá pè. Wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nọ́ńbà aṣọ nìkan ló wà lórí fọ́tò báyìí, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye, á béèrè.